Alábahun Tó Di Méjì

Ìyá Alábahun làdúgbò ń pè é, torí alábahun òkun tó ń tán lọ láyé ló ń gbẹ́ sára pákó, tó ń fi íǹkì tẹ̀ sórí bébà, tó ń rán di ìwé.

Ọkọ ẹ̀ ló máa ń bá a di etí kejì bébà mú, táá máa ṣàròyé pé íǹkì pọ̀ jù. Látìgbà tó ti kú, òkúta ló ń gbé lé e. Òkúta kì í ṣàròyé.

Láàárọ̀ yìí, ó gbàgbé òkúta. "Dádì, ẹ dì í mú," ló ń wí fọ́kọ ẹ̀ tí ò sí mọ́. Bébà yẹ̀, alábahun kan ṣoṣo jáde ní méjì.

Bíṣẹ́ bá bà jẹ́ báyìí, ó máa ń fà á ya ni. Ó wo èyí títí. "Ìwọ ti rí ẹnì kejì," ló wí, ó sì rán an mọ́ ìwé.