Ewé Kan Tó Ní Àwọ̀

Títí dòní, bí mo bá rí ewé tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà tí wọn ò kùn, àyà mi a já. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fà á.

Ayàwòrán ni ní ọjà Katako ní Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, níbi tí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé; pátákó àwọn onígbàjámọ̀ ló ń kùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú ní Niamey, àmì wọn ló ń kùn sára ògiri kiri. Ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe? Èyí tó bá ra ọ̀dà.

Ìgbà yẹn ni obìnrin òyìnbó kan gbé ìwé ńlá wá sílé wa ní àdúgbò Kalley. Àwòrán igi àti òdòdó ló kún inú ẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà olómi yà nínú ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, nígbà tí òyìnbó ń wá ilẹ̀ kiri. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ya irú ẹ̀ fóun. Nínú àwòrán kan, ewé kan ṣoṣo ló ní àwọ̀, ìyókù jẹ́ ìlà pẹ́ńsù. Mo ní ọ̀lẹ ló yà á. Obìnrin náà ní rárá, ewé máa ń rọ kí wọ́n tó kùn ún tán, ìdí nìyẹn tí ayàwòrán náà ṣe kun ẹyọ kan, kó lè rántí àwọ̀ ẹ̀ tó bá délé. Kò délé. Ó kú sójú òkun, wọ́n sì sọ òkú ẹ̀ sómi.

Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ẹ̀ fún Màmá, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Màmá gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n mú irun àti èékánná ẹ̀ lọ fún ìyá ẹ̀?"

Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Ẹni wa tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí a ò lè gbé òkú ẹ̀, irun àti èékánná ẹ̀ la ó dì sínú aṣọ funfun, kí ará ilé lè rí nǹkan sin. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gé ẹ̀ka dóńgóyárò iwájú ilé, ó yà á, ó sì kun ewé kan. Làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ní iṣẹ́ wà ní Líbíà. Ó ní òun ń bọ̀ wá parí ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó bá ọkọ̀ ẹrù gba aṣálẹ̀ lọ.

A ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti Agadez, ìlú etí aṣálẹ̀, dé ní ọkọ̀ náà sọnù sínú yanrìn. Màmá ò gbà. Ó lẹ pépà náà mọ́ ògiri yàrá ẹ̀, àràárọ̀ ló ń kí i: "Ṣé o jí ire?" Á wá dẹ etí sílẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọ̀ ewé náà ti ń ṣí. Mo po ọ̀dà, mo ní kí n tún un kùn. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ọwọ́ tìrẹ kọ́ ló kùn ún." Ó lọ mú àlùmọ́gàjí àti aṣọ funfun wá. "Gé e kó tó ṣí tán. Òun ni irun, òun ni èékánná. Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù."

Mo gé ewé náà, mo dì í sínú aṣọ funfun, mo gbé e lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí mo padà dé, mo tẹ́tí sí yàrá Màmá. Pépà náà ṣì wà lára ògiri, pẹ̀lú ihò tí mo gé sí i. Màmá ò kí ẹnì kankan. Èmi tí inú ń bí tẹ́lẹ̀, èmi ni mo bú sẹ́kún.