Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Pa Ewú Rẹ̀ Láró

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, tí a ń gbé inú yàrá kan ní Ìkòròdú, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí bàbá mi ti ń ṣe akọ̀wé kógbá sílé. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e wá láti Ọ̀ṣun, kò sì mọ òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò tíì rí bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí bàbá bá jí láàárọ̀ tí kò ní ibi tí yóò lọ. Ó ṣì ń wẹ̀ ní ìdájí, ó ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, yóò wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ilé iṣẹ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Inú wa dùn, àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Bàbá mi ti lé ní àádọ́ta, ewú sì ti gba orí rẹ̀.

Ó ra aró irun, ó ní kí n bá òun fi kun ẹ̀yìn orí tí ọwọ́ òun kò tó. Ìyá mi dúró, ó ń wò wá.

"Olówó orí mi, ṣé irọ́ lẹ fẹ́ lọ pa fún wọn?"

Bàbá mi kò wojú rẹ̀. "Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà síṣẹ́," ló wí, "kí wọ́n tó wo ìwé."

Ìyá mi lọ gbé áyọ́ọ̀nù. Ó lọ kóòtù rẹ̀, ó kun bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán.

A wà ní ìsinmi ilé ìwé nígbà náà, bàbá mi sì mú mi dání kó lè fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Mọ́tò wa bàjẹ́ nítòsí Agbówà. A dúró lẹ́bàá títì nínú oòrùn ganrínganrín, kò sì bọ́ kóòtù náà, kó má baà rún. Nígbà tí a fi dé, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ló bá ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wíńdò ọ́fíìsì wọn.

Ẹ̀ bá gbọ́ bó ṣe ń dáhùn! Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ iṣẹ́ náà. Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní mẹ́rìnlélógójì. Mo dìde, mo yọjú. Omi dúdú ń ṣàn láti ẹ̀bá etí rẹ̀ wá sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ tábìlì. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó tì í ló na aṣọ ìnujú sí bàbá mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ nu ọrùn yín."

Ó nu ún, ó wo aṣọ náà. Ó dìde dúró. "Ẹ má bínú. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Àmọ́ mo mọ iṣẹ́ yìí."

Wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí i. Wọn kò kọ.

Ó fà mí lọ́wọ́ dé ilé àbúrò ìyá mi. N kò sọ ohun tí mo rí fún un. Nígbẹ̀yìn, ó gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ọjọ́ orí. Òun ló ń ṣí géètì fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀, tó sì kú. Mo máa ń rò ó pé, ká ní ó sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá wọn ì bá gbà á. Bóyá wọn kì bá sì ti pè é rárá.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù lẹ ti ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ báyìí. Ẹlòmíràn á fi ránṣẹ́ títí á sú u, kò sì ní gbọ́ ohùn ènìyàn kan ṣoṣo. Láyé ìgbà tiwa, ẹni tí wọn kò fẹ́ máa ń rí ojú ẹni tí kò fẹ́ ẹ. N kò mọ èyí tó ń dunni jù nínú méjèèjì.