"Wọ́n" Tí Kóòtù Ò Mọ̀

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1980, kí wọ́n tó fún mi níwèé pé iṣẹ́ tán. Ìwé náà ò sọ ìdí. Ọ̀rẹ́ mi, olùkọ́ ìṣirò tí a jọ ń gbé yàrá kan, ló sọ ọ́ fún mi ní Ọjà Igbó, níbi tí a ti ń ra iṣu. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló ti ń bọ̀.

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Wọ́n ní ẹ máa ń ṣe bíi pé ẹ̀yin lẹ ni èdè."

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí. Lóòótọ́, a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí a lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ torí ìlú tí wọ́n ti bí i, mo bá gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á jẹ́rìí.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ lọ́jà. Ògbufọ̀ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó dé wíìgì nínú ooru. Lọ́yà ilé ẹ̀kọ́ dìde.

"Ta ni 'wọ́n' yẹn?"

Ọ̀gá àgbà jókòó síwájú nínú agbádá. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó sì gbójú kúrò.

"Àwọn èèyàn ni, Olúwa mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígboro náà nìyẹn."

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní "wọ́n ní" kì í ṣe ẹ̀rí, àhesọ ni. Ó dá mi lójú pé ìyàwó rẹ̀ ò pè é ní "ó" rí. Èmi tí mo gboyè nínú èdè náà jókòó níbẹ̀, àlàyé kún ẹnu mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n da ẹjọ́ mi nù.

Ọ̀rẹ́ mi bá mi níta. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n na ìka sí ọ̀gá mi?"

"O mọ ẹni tó sọ ọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́la. Èmi, ibí ni mo wà."

Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi gbé àpótí ìwé mi dé gáréèjì, ó rọra gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. Mo ní wọn á gbọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi béèrè rẹ̀, torí ó ti jẹun lọ́wọ́ wọn rí. Mo ní ó wà. Mi ò jíṣẹ́.