Ìwọ̀ Nọ́ńbà Ogún

Ní ilé wa, ọkùnrin ló ń lọ sódò, obìnrin ló ń yan ẹja, òun náà ló sì ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní etí òkun Ìlàjẹ níbi tí wọ́n ti bí àwọn òbí mi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé e wá sí Warri. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí iṣẹ́ pọ̀ káàkiri, bàbá mi so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, ó lọ gba iṣẹ́ aṣọ́nà ní Ovwian, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ irin ńlá. Ọjọ́ Sátidé la máa ń rí i, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, á tún lọ. Ìyá mi wá ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn kó tó yan án. Bó ṣe ń tò wọ́n sórí iná ló ń kùn sí wọn, bí ẹni pé ẹja ló lé ọkọ rẹ̀ kúrò lódò.

Èmi ni àkọ́bí. Kíláàsì kẹta ni mo kàwé dé. Mo lè ka nọ́ńbà, mo lè kọ lẹ́tà tí kò gùn. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n lanu láàárín èrò. Ìgbà kan wà tí ìyá mi fi àtẹ ẹja sílẹ̀ fún mi ní ọjà Enerhen, ó ní òun ń bọ̀. Obìnrin mẹ́ta ló dúró lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bi mí ní Pijin pé èló ni. Mo mọ iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹnu mi, ṣùgbọ́n orí ni mo tẹ̀ balẹ̀. Ẹni kẹta sọ fún ẹni tó bá a rìn pé wọ́n ti fi odi sídìí ọjà. Nígbà tí ìyá mi padà dé, kò sí ẹja kan tó kúrò lórí àtẹ. Lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé òun ti rí ìsọ̀ kan ní Enerhen, àti pé tí oṣù yìí bá ti parí, èmi ni màá máa jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó ní, “Ẹnu ni wọ́n fi ń tajà. Tó o bá jókòó síbẹ̀ pẹ́, tìrẹ náà á là.”

Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí bàbá mi dé ní Sátidé, mo dúró títí ó fi ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo wá sọ fún un pé bí mo bá lè máa pa ẹja fúnra mi, ìyá mi ò ní máa rà á mọ́. Mo ní kí àbúrò mi obìnrin jókòó sí ìsọ̀ náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí ó sì ń wá ibi tí èrò wà. Bàbá mi ń da omi sẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kò sí obìnrin kankan nínú ìdílé òun tó fi ìwọ̀ ṣiṣẹ́ rí. Ó tún da omi. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹja kì í béèrè ẹni tó di okùn mú.”

Ìyá mi gbọ́ wa láti ilé ìdáná. Ó ní òun gbà, pé kí oṣù náà tó parí, kí n gbé ẹja kan wálé tí òun lè gbé lọ sí Enerhen láìtijú. Bí mo bá ṣe é, àbúrò mi á jókòó sí ìsọ̀. Bí mi ò bá ṣe é, èmi ni. Ó wá fi kún un pé ẹja lòun wí o, kì í ṣe edé.

Bàbá mi fi agolo mílíìkì tí ìwọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kó tó padà sí Ovwian. Nígbà tí mo ṣí i, wọ́n ti dípẹtà, wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí èèrùn. Mo rò pé wọn ò wúlò mọ́. Mo mú owó díẹ̀ tí mo ní, mo lọ sí Enerhen lọ ra tuntun.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìwọ̀, okùn, abẹ́rẹ́, àgádágodo àti ọṣẹ. Ará Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí, gbogbo èèyàn ń pè é ní Àlájà. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa nílé, ó ń dún létí mi bíi ti rédíò. Ó bi mí pé irú ẹja wo ni mo fẹ́ pa. Ká ní mo dá a lóhùn ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo àwọn pákẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí wọn lára: mẹ́fà, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, ogún. Ẹja ńlá ni mo fẹ́. Nínú ìṣirò tí wọ́n kọ́ mi níléèwé, ogún ló tóbi jù níbẹ̀.

Mo ní, “Nọ́ńbà ogún.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi bébà wé e fún mi. Mi ò ṣí i wò, torí lójú mi, kéèyàn máa tú ọjà wò níwájú ẹni tó tà á dà bí ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ná an.

Ìyá mi ló ṣí i nílé. Àwọn ìwọ̀ inú rẹ̀ kò ju ẹ̀kánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ó fi ìka kan gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ̀fọn lo fẹ́ pa ni?” Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi ń pè mí ní Apẹ̀fọn. Bí mo bá ń kọjá, á pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ ohun tí gbogbo apẹja mọ̀, pé bí nọ́ńbà ìwọ̀ bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀ náà ṣe ń kéré sí i. Mo lè dá a padà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dá ọjà padà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀ kéékèèké náà ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Mo kọ́kọ́ ge ọparun ṣe ọ̀pá, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì le, ẹja kékeré á ti jẹ ìjẹ tán kí ọwọ́ mi tó mọ̀. Mo bá ge ọ̀pá ìko. Ìyẹn fúyẹ́, orí rẹ̀ sì rọ̀, bí ẹja epìyà bá fẹnu kan ìjẹ báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gé gìgísẹ̀ sílípáàsì rọ́bà kan tó ti já, mo fi ṣe ohun tí yóò máa léfòó lórí okùn. Mo ṣa nọ́ọ̀tì irin lójú títì, níbi tí ọkọ̀ àwọn oníṣẹ́ epo ti ń kọjá, mo fi ṣe òjé tí yóò máa fa ìwọ̀ rì. Mo gbìyànjú ekòló, mo gbìyànjú ẹ̀bà tí mo rọ́ pọ̀ mọ́ epo pupa. Ẹ̀bà ń tú sómi, ekòló ló dára jù.

Lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, omi máa ń dán láràárọ̀ bí aṣọ sẹ́dà nítorí òróró, ẹja kì í jẹ níbẹ̀. Mo wá rìn lọ sẹ́yìn Ekurede-Urhobo, níbi tí ẹ̀ka odò kan ti wọ abẹ́ igi. Omi ibẹ̀ dúdú, ó dákẹ́, òṣíbàtà sì bo ìdajì rẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bi mí léèrè ohunkóhun níbẹ̀. Láàárọ̀ kan, mo lè pa epìyà mẹ́wàá, gbogbo wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá mi ń fi wọ́n se ọbẹ̀. Ó ní wọ́n dùn, ó sì bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù kí oṣù parí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá nígbà tí mo rí ẹnu yẹn. Mo ti mú epìyà kékeré kan, mo ń fà á bọ̀ lẹ́bàá òṣíbàtà, ni omi bá là. Ohun tí mo rí kì í ṣe ẹja, ẹnu ni. Ó ṣí, ó gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé epìyà náà mì, ó sì pa dé. Okùn já. Omi padà dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, mo ká okùn tó já náà mọ́ ọwọ́.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi ní Sátidé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní Warri ló ní orúkọ tó ń pe ẹja náà, pé nígbà tí òun ń pẹja, nínú ọkọ̀ tiwọn, Ẹlẹ́nu Gbàgà ni wọ́n ń pè é. Kì í sáré kiri. Abẹ́ ewé ló máa ń dúró sí bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, títí oúnjẹ á fi kọjá. Kò ka ekòló sí. Ẹja tó wà láàyè ló ń jẹ.

Ó wá gba agolo mílíìkì lọ́wọ́ mi, ó tú àwọn ìwọ̀ náà sílẹ̀, ó yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó rí tí ìpẹtà kò tíì jẹ wọnú ni ó fún mi, ó gùn tó oríkèé ìka. Mo pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí ó fi lè kọ́ mọ́ ẹ̀kánná. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ okùn: kí n lọ́ okùn náà yíká ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí n fi itọ́ pa á kí n tó fà á le, torí okùn ọ̀rá tó bá gbẹ máa ń jẹ ara rẹ̀. Ó ní kí n fi ìwọ̀ gún epìyà lẹ́yìn, lẹ́bàá lẹbẹ́, kí ó lè máa lúwẹ̀ẹ́. Fún ẹja yìí, kí n ju ọ̀pá ìko sílẹ̀, kí n mú ọparun.

Ó ní, “Tó bá gbé e, má fà. Jẹ́ kó gbé e délé kó tó jẹun.”

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbọ́. Ní Mọ́ńdè, ó gbé e, mo fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, epìyà mi padà wá láìní ìrù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún fà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo já ìjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ti ra àga fún ìsọ̀. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, mo sì ń yà á kọjá láràárọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí, mo tètè jáde. Ìwọ̀ nọ́ńbà ogún ni mo fi mú epìyà kan, mo fi ìwọ̀ bàbá mi gún un bí ó ṣe wí, mo rọra sọ ọ́ sí àlàfo láàárín ewé méjì. Rọ́bà sílípáàsì náà ń rìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Lẹ́yìn náà, ó wọlẹ̀. Mo ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka nọ́ńbà nínú ọkàn mi bí wọ́n ṣe ń kà á ní kíláàsì. Okùn ń lọ sí abẹ́ òṣíbàtà, ó dúró níbẹ̀. Mi ò fà. Ó tún rìn díẹ̀. Nígbà tí mo ka ogún, mo gbé ọparun sókè pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Ọparun náà tẹ̀, kò kán. Mi ò bá ẹja náà jà, ẹ̀yìn ni mo ń rìn sí, mo ń wọ́ ọ bọ̀ títí ó fi dé orí koríko. Ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka. Ó la ẹnu rẹ̀ sí mi, mo sì rí ìwọ̀ bàbá mi ní igun ẹnu náà.

Inú bàsíà omi ni mo gbé e sí délé. Ìyá mi wò ó pẹ́. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ẹja náà ta, omi ta sí i lójú. Ó nu ojú, ó sì ní kí n gbé e ká lọ. Mo ní àdéhùn wa ni pé òun ló máa gbé e. Ó ní òun ló máa tà á, ṣùgbọ́n orí tèmi ló máa gbé bàsíà.

Ní Enerhen, àwọn èèyàn yí wa ká. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn elépo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹnu ẹja náà. Kò béèrè iye. Ó ní, “Wetin you use catch am?”

Ìyá mi lanu, ó sì tún pa á dé. Kò mọ ohun tí mo fi mú un. Ó wò mí.

Mo sọ fún ọkùnrin náà ní Pijin. Mo sọ ti ìwọ̀ kékeré tó ń mú ìjẹ àti ìwọ̀ ńlá tó ń mú ẹja, mo fi ìka mi hàn án ibi tí wọ́n ti ń gún epìyà. Ó ní òun máa ń fà á ní kíá, ẹja náà á sì sá lọ. Mo ní kó má fà, kó ka ogún. Ẹlòmíràn bi mí nípa okùn. Mo dá a lóhùn. Mi ò mọ ìgbà tí ìyá mi ta ẹja náà. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, bàsíà ti ṣófo, ó ń da omi rẹ̀ nù.

Àlájà ti ń wò wá láti ìdí ọjà rẹ̀. Ó ní, “Àṣé ọmọ yìí lẹ́nu. Mo sì rò pé odi ni mo ta ìwọ̀ fún.”

Ìyá mi ní, “Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.”

Àbúrò mi ló jókòó sí ìsọ̀, ohùn rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń júwe ibẹ̀ fún àlejò. Èmi wà lódò. Ìyá mi ò ra ẹja púpọ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà kan ń béèrè Ẹlẹ́nu Gbàgà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ọjà. Ní ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ni mo ń wá sí Enerhen. Àlájà ló bẹ̀ mí kí n máa bá òun wo ìwọ̀ nígbà tí òun bá lọ kírun. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mi ò ní pe oníbàárà o.

Ní Jímọ̀ kan, obìnrin kan tó pọn ọmọ dúró níwájú mi. Ó wo àwọn pákẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ogún. Mo bi í pé irú ẹja wo ló fẹ́ pa. Ó wo ilẹ̀. Mi ò tún bi í mọ́. Mo ṣí nọ́ńbà ogún àti nọ́ńbà mẹ́fà, mo tú ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo na ọwọ́ náà sí i, mo sì dákẹ́ títí ó fi mú èyí tó fẹ́.