Ó-Ku-Ìṣẹ́jú-Méjì Kò Fi Ẹnu Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin kékeré tó wà níbi tí irin ti tán kú sórí àga onígi tí òun fúnra rẹ̀ kùn lọ́dà. Ó ń dúró de ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ń wá lọ́sẹ̀. Àsíá aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì pé títí dé ọrùn. Ikú pàápàá mọ̀ pé ẹni tó mọ ìmúra ni òun wá mú.

Àwọn èrò ọkọ̀ ń pè é ní Ó-Ku-Ìṣẹ́jú-Méjì, nítorí kò sí ẹni tó bi í pé ọkọ̀ dà tí kò dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ìbáà ti bàjẹ́ sínú igbó, ìṣẹ́jú méjì náà ló kù. Mo bi í nígbà kan bóyá irọ́ yẹ àgbàlagbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá sọ pé ó ku wákàtí mẹ́ta, ṣé wọ́n á jókòó dáadáa?"

Ibùdó náà kò ju yàrá kan, agogo kan àti àga mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ tutọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kan láti olú iléeṣẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ wò, tó gbé bàtà lé àga láti so okùn rẹ̀, Ó-Ku-Ìṣẹ́jú-Méjì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ẹ má bínú, sà. Ìdí ni wọ́n ṣe àga yẹn fún." Ọ̀gá náà gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní gbàgbé ibùdó yìí láéláé. Ǹjẹ́ kò gbàgbé?

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ọ̀gá ibùdó kò gbọdọ̀ kúrò títí ẹni tí yóò dúró nípò rẹ̀ yóò fi dé, tí àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí ìwé ibùdó. Òfin náà nídìí. Níbi tí irin ti tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá tí ń yí ojú irin padà kí orí ọkọ̀ lè kọjú sílé. Bí kò bá sí ẹni tó tì í, ọkọ̀ di ọmọ ìlú nìyẹn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò lù dáadáa mọ́, kí ó lọ gba ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn ńlá. Ó kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ pé kí wọ́n fi ẹnì kan ránṣẹ́. Lẹ́tà méje ló kọ, kò sì sí èyí tí kò fi ìkíni bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ti ilẹ̀kùn yìí ká máa lọ."

"Ta ni kí n fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́? Ewúrẹ́ tó ń jẹko lójú irin?"

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ṣùgbọ́n nínú ẹni tó dúró de ẹni tí kò wá, àti ẹni tí a kí nígbà méje tí kò jẹ́ wa, ta ni kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Èsì dé lánàá. Awakọ̀ ojú irin fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé opó lọ́wọ́. Olú iléeṣẹ́ fi tayọ̀tayọ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó bá lè fúnra rẹ̀ wá ẹni tí yóò dúró nípò rẹ̀. Opó náà kà á tán, ó ká a.

"Ẹ bá mi dá wọn lóhùn," ó sọ fún awakọ̀. "Ó ti rí ìsinmi gbà níbòmíràn."

Ó bá lọ ti ọ̀pá irin, torí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé. Kọ́kọ́rọ́ ibùdó ń bẹ létí ìró rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní òun kò lè lọ.

Nítorí náà, kí olú iléeṣẹ́ sọ fún wa ní gbangba ẹni tó gba lẹ́tà méjèèje àti ibi tó kó wọn sí. Kí ẹni náà wọ ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe mọ́tò ọ́fíìsì. Kí ó dọ̀bálẹ̀ kí opó, kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó gba kọ́kọ́rọ́. Olóògbé ti fọwọ́ sí apá tirẹ̀ láti ọdún méjì. Àyè kejì ṣì ṣófo. Kí ó má sì gbé ẹsẹ̀ lé àga.

Bí ó bá bèèrè iye àkókò tí a fún òun, ó ku ìṣẹ́jú méjì.