Ìró Abẹ́ Pósí

Lónìí, bí mo ṣe ń yà kúrò lójú títì, abẹ́ mọ́tò mi ń dún kò, kò, kò.

Mẹkáníìkì ní, "Ṣáfútì tó ń yí táyà yín ti fẹ́ já. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yà lẹ máa gbọ́ ọ."

Mo ti gbọ́ ìró yìí rí.

Láwọn ọdún 1980, mọ́tò bàbá mi la fi gbé òkú ìyá wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìmùṣin. Ní gbogbo kọ́nà, abẹ́ pósí ń dún bẹ́ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin fọwọ́ lé pósí. "Màámi, ẹ ṣe sùúrù, ilé là ń lọ."

Ìró náà dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wo abẹ́ mọ́tò.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìyá gan-an ni ṣáfútì já sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mẹkáníìkì ti ṣàlàyé ìró. Ta ló ní kí ṣáfútì má já títí a fi délé?