Ọwọ́ Tó Kù Léjìká Màmá Nọ́ọ̀sì

Kí-n-gé-e la máa ń pè é. Kọ́tìnì kan ṣoṣo ló là wá láàárín nínú ṣọ́ọ̀bù: èmi ń ránṣọ lápá ibí, òun ń to àwòrán lápá ọ̀hún, bó bá sín, èmi ni mò ń kí i pẹ̀lẹ́. Fọ́tò ló ń yà tẹ́lẹ̀ kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá ń ṣayẹyẹ á kó fọ́tò wá, Kí-n-gé-e á tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, wọn á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lára ògiri pẹ̀lú orin. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó jókòó rárá, á ti bi í pé, "Ṣé kí n gé e?" Ó gé igi, ó gé òpó iná, ó gé ẹni ẹlẹ́ni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀. Ọkọ àárọ̀ tí obìnrin yìí ti gé kúrò nínú fọ́tò ju èyí tí kóòtù ti tú ká lọ.

Mo máa ń bá a wí. "Èmi tí mò ń ránṣọ, mo máa ń fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìrán, torí ènìyàn lè sanra."

"Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò kì í sanra." Á rẹ́rìn-ín, á fa etí fọ́tò tó ti gé lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó gé á sì tún yọ jáde gbangba. "Ẹ wò ó. Mi ò dà á nù. Ó wà lábẹ́ níbẹ̀, mo kàn bò ó ni."

Màmá Nọ́ọ̀sì ló kó wa sí wàhálà. Ó ń fẹ̀yìn tì, ọsibítù tó ti ṣiṣẹ́ dàgbà sì fẹ́ yẹ́ ẹ sí ní yàrá ìjẹun wọn. Ó da fọ́tò kún orí tábìlì, ó fi èékánná kan ojú ọmọkùnrin kan. "Ibi tó o bá ti rí eléyìí, yọ ọ́ kúrò. Nínú gbogbo ẹ̀."

Àkọ́bí rẹ̀ ni, tíṣà ni. Kò wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó ní wọn ò tètè sọ fún òun, ìyá ní irọ́ ni, láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé.

"Ṣé kí n gé e lóòótọ́, Mà?" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ìbéèrè yẹn wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé o dití ni?"

A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Mo fẹ́ sọ ọ́ o. Mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo rí bí ojú ìyá yẹn ṣe pọ́n, mo gbé e mì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó gé e lọ́mọ ọwọ́, ó gé e nínú yúnífọ́ọ̀mù, ó gé e lọ́jọ́ tó gboyè. Fọ́tò kan ló yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ yẹn gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀, bó bá sì gé ọwọ́, á gé àgbọ̀n Màmá mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀. "Ọwọ́ lásán, ta ló máa mọ̀ ọ́n?"

Nígbà tó parí, fáìlì náà wúwo ju ohun tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ọsibítù lè gbé. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá kí òun da àwọn ibi tó ti gé nù pátápátá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá bi í. Lẹ́yìn náà ló pa àwọn odidi fọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ráyè mí.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, òun ló jókòó ti ẹ̀rọ. Fọ́tò ń yọ, àwọn nọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó gbé páálí kékeré dání. Ẹlòmíì ò kíyè sí i, ṣùgbọ́n òun ti tẹjú mọ́ ojú yẹn títí láti rí ibi tó máa gé e gbà. Tíṣà dúró, ó ń wo bí ayé ìyá rẹ̀ ṣe ń kọjá lára ògiri láìsí òun níbẹ̀. Ó gbé páálí náà lé àga, ó lọ. Kí Kí-n-gé-e tó dìde láti pè é, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàtà ló wà nínú páálí náà, bàtà rírọ̀ fún ẹsẹ̀ tó ti dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó bá ẹsẹ̀ Màmá mu wẹ́kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ wá, ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, ó gbá bàtà yẹn mọ́ àyà. Ọmọbìnrin náà nìkan ló ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti pè é pé òun ti rí i báyìí pé òun ò níyàá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń lọ sókè òkun, kí ẹnikẹ́ni má wá òun.

"Dá a padà," ni Màmá wí. "Gbogbo ibi tó o ti gé e, dá a padà. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i kó tó lọ, kó rí i pé ó wà níbẹ̀."

"Ìyẹn ò le, Mà." Kí-n-gé-e fa etí fọ́tò kìíní. Funfun. Ó fa ìkejì. Funfun. Òógùn bò ó. Ó ń fà á ṣáá, bí ẹni ń fa okùn kànga tí korobá ti já kúrò lórí ẹ̀.

"Yéè, mo ti dà á nù," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìgbà tí mo fún un pọ̀ yẹn. Mà, àwọn fọ́tò gangan ńkọ́? Àwọn tí mo kó padà fún yín?"

Màmá Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Mo ti sun wọ́n."

Ẹ gbà mí! Ọ̀kan sun ún, ọ̀kan dà á nù. Mo bú àwọn méjèèjì, mi ò wo ti àgbà. "Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi í fà á mọ́ra. Ẹ̀yin fi méjèèjì lé e lọ!" Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ mi, ó ń sunkún bí ọmọdé. Kí-n-gé-e gbé kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó sáré lọ bá gbogbo àwọn tó ń tún un ṣe ládùúgbò. Gbogbo wọn ló mi orí. Nígbà tó padà dé, kò lè gbé ojú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ rẹ́." Mi ò lè bú u mọ́.

Màmá ló rí ọwọ́ náà. Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ wo ìka kékeré yẹn bó ṣe wọ́. Ilẹ̀kùn ló há a. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn náà, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ wà níbẹ̀." Ó nu ojú. "Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́."

Ọmọbìnrin náà fi ránṣẹ́. Màmá gbé fóònù sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e: "Ọmọ mi, gbogbo ìyókù ti sọ nù, èmi ni mo sọ ọ́ nù. Ọwọ́ rẹ nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, má gbé e kúrò."

A jókòó. Ẹnikẹ́ni ò ránṣọ, ẹnikẹ́ni ò gé nǹkan kan. Ọ̀sán pọ́n kí fóònù tó dún.

Tíṣà ò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Sláìdì kan, ojú ewé orí kọ̀ǹpútà, ló fi ránṣẹ́, irú èyí tó máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kí-n-gé-e ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò yẹn gan-an ni, ẹ̀dà tirẹ̀. Òun nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na apá síta, fọ́tò sì parí níbi ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gé ìyá rẹ̀ kúrò.

"Ó tọ́ sí mi," ni Màmá wí. "Ó ti tán."

Kí-n-gé-e sún mọ́ ẹ̀rọ, ó tẹ fọ́tò náà, ó di etí rẹ̀ mú. Ó fà á díẹ̀. Ìka wíwọ́ yọ. Ó fà á sí i. Èjìká yọ, àgbọ̀n yọ, eyín Màmá Nọ́ọ̀sì yọ, gbogbo ojú ẹ̀ kún fún ẹ̀rín.

"Mà, kò dà yín nù," ni Kí-n-gé-e wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ó kàn bò yín ni."

Ìyá náà wo ara rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó wá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tuntun náà, ó dìde.

"Ilé ọmọ mi," ó bi ọmọbìnrin rẹ̀, "ọ̀nà ibo ni wọ́n ń gbà débẹ̀?"